Páálí Ìṣáná 24 Ti Tó: Èsì fún Àwọn Tó Ní Kò Sí Ẹ̀kọ́ AI Láìsí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nípàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ láti dá owó jọ fún ilé ìwé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti gbọ́ ọ nínú yàrá olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣẹ: "Ẹ̀kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI, àti ẹ̀kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, ti ilé ìwé olówó ni. Níbi tí kò sí kọ̀ǹpútà, tí kò sí iná, tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ? Kí àwọn ọmọ ní sùúrù títí ẹ̀rọ yóò fi dé."

Kì í ṣe òótọ́. Mi ò pe àwọn tó ń sọ ọ́ ní òpùrọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ọjọ́ ayé wọn sin ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ọdún àwọn ọmọ wa ṣòfò. Ọmọ tí a ní kó dúró de ẹ̀rọ ní kíláàsì kìíní lè jáde ìwé mẹ́fà kí ẹ̀rọ náà tó dé.

ÀWỌN TÓ BẸ̀RẸ̀ RẸ̀ KÒ NÍ KỌ̀ǸPÚTÀ

Lọ́dún 1961, Donald Michie, onímọ̀ ará Bìrìtéènì tó ti bá Alan Turing ṣiṣẹ́ ní Bletchley Park nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rọ lè fúnra rẹ̀ kọ́ eré X àti O tí àwọn ọmọ wa ń yà sílẹ̀. Kò rí kọ̀ǹpútà lò. Kí ló ṣe? Ó kó páálí ìṣáná 304 jọ, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì da ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú wọn. Páálí kọ̀ọ̀kan dúró fún bí eré ṣe lè rí lójú pátákó. Àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí ẹ̀rọ lè ta sí. Bó bá kan ẹ̀rọ láti ta, Michie á mi páálí tó bá a mu, á mú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá ní kó ta sí ni yóò ta sí. Bí ẹ̀rọ bá borí, á fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta aláwọ̀ kan náà kún gbogbo páálí tó ṣí nínú eré náà. Bí wọ́n bá ta á ní ọ̀mì, á fi ẹyọ kan kún un. Bó bá fìdí rẹmi, ìlẹ̀kẹ̀ tó fi ta á ti lọ nìyẹn.

Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì páálí yìí ń mọ̀ ọ́n ta. Ìwé ni wọ́n fi ṣe é, kò lo iná, kò sì ní wáyà kankan. Nígbà tó di ọdún 2016, tí ẹ̀rọ AlphaGo na Lee Sedol, ògbóǹtarìgì ọmọ Kòríà nínú eré Go, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún ní Seoul, lára ohun tó gbé ẹ̀rọ náà débẹ̀ ni ìlànà yìí kan náà: ta á, wo àbájáde rẹ̀, fi kún ohun tó mú èrè wá, dín ohun tó mú ìyà wá kù. Bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó ló yí padà. Èrò ìdí rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Ti rọ́bọ́ọ̀tì kò yàtọ̀. Ní Bristol, láàárín ọdún 1948 sí 1949, W. Grey Walter, tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ ènìyàn, ṣe ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń rìn fúnra wọn. Ìjàpá ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí ìkarahun tó bò wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń rọra wọ́. Àlòkù ẹrù ogun àti eyín aago àtijọ́ wà lára ohun tó fi ṣe wọ́n. Ojú kan ń wá ìmọ́lẹ̀. Bí ìkarahun bá kan nǹkan, ìjàpá á yà, á gba ibòmíràn. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní àdúgbò yín, kí ẹ wá sọ fún mi pé ilẹ̀ wa kò ní ohun tí ọkùnrin yìí ní.

BÀBÁ ÌṢÁNÁ

Lọ́dún 1962, Martin Gardner, tó ń kọ̀wé lórí eré ìṣirò nínú ìwé ìròyìn Scientific American, dín iṣẹ́ Michie kù sí ohun tí ọmọdé lè parí láàárín ọjọ́ kan. Páálí 24 péré ni tirẹ̀. Èyí ni mo gbé lọ sí kíláàsì JSS 2 kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì.

Àwọn ọmọ ló fúnra wọn tọrọ páálí lọ́wọ́ àwọn alákàrà àti ìyá wọn nílé. A fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú mẹ́sàn-án sórí tábìlì, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Ìdérí ìgò mínírà mẹ́ta jẹ́ ti ọmọ, mẹ́ta jẹ́ ti ẹ̀rọ, wọ́n kojú ara wọn. Ìdérí ń lọ síwájú ní ojú kan bí ibẹ̀ bá ṣófo; ó lè jẹ ti ọ̀tá tó wà níwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òdìkejì, tó jẹ ti ẹnìkejì rẹ̀ tán, tàbí tó sé e mọ́ tí kò ríbi gbà, òun ló borí. A ya àwòrán ojú eré sórí páálí kọ̀ọ̀kan, a sì fi hóró ṣe ìlẹ̀kẹ̀: àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, hóró kọ̀ọ̀kan fún ibì kan tí ẹ̀rọ lè ta sí. Bí ẹ̀rọ bá fìdí rẹmi, a ó yọ hóró tó fi ta àtakẹ́yìn. Ẹ̀pà ni ìyà tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ, nítorí ẹnu ni wọ́n ń yọ ọ́ sí.

Bàbá Ìṣáná ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá ṣáà ti jókòó níwájú Bàbá Ìṣáná ló ń nà án. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ti ń dákẹ́. Kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó tún rí i nà mọ́ nínú gbogbo kíláàsì. Mo bi wọ́n pé: "Ta ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n?" Ọmọbìnrin kan tó jókòó létí ilẹ̀kùn dáhùn: "Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́n o, sà. A kàn ń ṣa ìwà òmùgọ̀ kúrò nínú ẹ̀ ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Mo ti gbọ́ àlàyé lórí AI lẹ́nu àwọn àgbà tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta nílé, wọn kò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ẹ̀kọ́ tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ń yọ hóró nígbà tí ẹ̀rọ bá borí, ó ń fi í sílẹ̀ nígbà tó bá fìdí rẹmi. Bàbá Ìṣáná bàjẹ́ pátápátá. Àwọn ọmọ tú páálí sílẹ̀, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí ibi tó yẹ kí ẹ̀wà ṣẹ́ kù tó jẹ́ pé ẹ̀gúsí ló wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá fi kọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ yóò mọ̀, ìbáà jẹ́ rere, ìbáà jẹ́ ìkà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Lọ́dún 2018, Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àti Timnit Gebru gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń wo ojú ènìyàn láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lójú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe ẹ̀rọ kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Lójú àwọn obìnrin dúdú, ó dé 34.7 nínú 100. Kí Buolamwini tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí, ẹ̀rọ kan ti kọ̀ láti rí ojú rẹ̀ títí ó fi wọ ìbòjú funfun. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún kíláàsì mi, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ọmọ kan ní: "Àwọn tó kọ́ ọ ò fi ojú wa kọ́ ọ, sà."

RỌ́BỌ́Ọ̀TÌ INÚ KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ

Mo mọ ilé ìwé kan tí owó rọ́bọ́ọ̀tì wà lára owó tí òbí ń san ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Rọ́bọ́ọ̀tì náà wà lóòótọ́: funfun, dídán, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Bí àlejò bá dé, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Mo bi ọmọ kan níbẹ̀ pé kí ni rọ́bọ́ọ̀tì wọn ń ṣe. Ó ní: "Ó ń jó." Kí ló ń mú un jó? Ó ronú díẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá ló máa ń tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ yìí kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ wé ti ọmọbìnrin etí ilẹ̀kùn. Ìkan ní ẹ̀rọ olówó ńlá, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìkejì ní páálí àti ẹ̀wà, ó mọ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló kó o sínú rẹ̀. Ohun tí a kò lè tú wò, a kì í sáábà mọ̀ ọ́n. Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé ìgbàgbọ́ wa dojú rú: ohun èlò ni a kà sí ìmọ̀, a wá ń retí pé bí ohun èlò bá dé, ìmọ̀ yóò bá a wọlé.

ÀWỌN TÓ NÍ ÀRÍYÀNJIYÀN

Àwọn kan yóò ní, "Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á nílò kọ̀ǹpútà." Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà tọkàntọkàn. Ẹ ra á bí agbára bá wà, kí ìjọba náà sì ṣe ojúṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ́ Bàbá Ìṣáná yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, yóò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ yóò jókòó síbẹ̀, eré ìje mọ́tò ni yóò máa ta.

Àwọn mìíràn yóò ní, "WAEC kò ní béèrè páálí ìṣáná." Kò ní béèrè rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò nípa ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ wà nínú ìdánwò wọn, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti ń kọsẹ̀ nìyẹn. Bí hóró mẹ́ta bá wà nínú páálí, tí méjì jẹ́ ẹ̀wà, báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹ̀wà la ó mú? Ọmọ tó ti ki ọwọ́ bọ páálí kò ní há èyí sórí.

Èyí tó dùn mí jù ni, "Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un." Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ tí kíláàsì mi nílò? Àpẹẹrẹ, ìpinnu, èrè, ìyà, àbájáde. Ìyá wa ti fi gbogbo wọn tọ́ wa.

Ti rọ́bọ́ọ̀tì náà kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu wa lọ. Ẹ fi aṣọ di ojú ọmọ kan, kó di rọ́bọ́ọ̀tì. Kí àwọn yòókù pàṣẹ fún un: "Ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú. Yà sí ọ̀tún. Bí ọwọ́ rẹ bá kan ògiri, dúró." Wọ́n á rí i pé rọ́bọ́ọ̀tì kì í gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kíkọ àṣẹ fún ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, lédè abínibí wọn, nínú erùpẹ̀ ilé ìwé.

OHUN TÍ MO Ń BÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de lẹ́tà láti òkè. Ẹ kó páálí 24 jọ ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tí ẹ ní rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tú u, bó bá tilẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo lọ ilé ìwé: "Kí ni ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò, ẹ kíyè sí i: a ń kọ́ ilé, a ń kọ́ ẹ̀kọ́, a ń kọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ Bàbá Ìṣáná ti kọ́ ọ ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú gbogbo ohun tó lò, kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ kò ní ní ilé ìdáná.