Ẹ Fi Yorùbá Bi Ọmọ ní Ìṣirò

Mo gbà pé bí ìṣirò pínpín bá rú ọmọ lójú, kì í ṣe pé ó ya òpè. Èdè ìbéèrè ni kò yé e.

‘Pín ọsàn 24 fún ọmọ 6, mélòó-mélòó ni yóò kàn wọ́n?’ Mẹ́rin-mẹ́rin. ‘To ọsàn 24 ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ọlọ́sàn, ọ̀wọ́ mélòó ni?’ Mẹ́fà. Àpètúnpè yìí ti ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀ kí ọmọ tó mú pẹ́ńsù.

Láti 1970 ni ètò Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún 6. Ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí i.