Ọ̀kọ̀ Dára Ju Idà Lọ

Ní ayé àtijọ́, idà, ọfà àti ọ̀kọ̀ wà lára ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ń jagun. Ní tèmi, ọ̀kọ̀ ni ó dára jù. Orí rẹ̀ nìkan ni irin, igi ni ìyókù. Irin díẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọ́. Kí onídà tó sún mọ́ ọ̀tá, ọlọ́kọ̀ ti gún un. Ọfà ń lọ jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá tán nínú apó ńkọ́?

Ẹ lè ní ìbọn ju gbogbo wọn lọ. Ní ọdún 1879, àwọn Súlú ní Gúúsù Áfíríkà fi ọ̀kọ̀ àti asà ṣẹ́gun ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ìbọn ní Isandlwana. Ìbọn padà borí wọn ní ọdún kan náà, n kò jiyàn. Idà ni mo ní kí ó má bá ọ̀kọ̀ du ipò.