Ẹni Tí Ó Tẹ́ Ojú Irin Kò Gbọdọ̀ Máa Wo Rélùwéè Lókèèrè

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, a ka ìwé ohun tí a fẹ́ bá àwọn ọ̀gá sọ, a sì dé orí nọ́ńbà keje. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí owó lífù wa tó ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi kó aya tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọ rélùwéè lọ kí ẹbí ní Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì fi padà wálé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní: "Fàájì nìyẹn. Rélùwéè tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ti àwọn olówó ni. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò, ká fi gba àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan lọ́dún." Ọwọ́ tó nà sókè láti tì í lẹ́yìn kò kéré. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ẹ̀yin tí ẹ na ọwọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi náà ń ná ọjà Ìwó, mo mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ra oúnjẹ, bí oúnjẹ náà bá tán, kí ni yóò tún tà? Àpò ìrẹsì kan nínú ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ẹ̀yin náà mọ iye ọ̀sẹ̀ tó ń lò. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé àdéhùn ni kì í tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ta ló tẹ́ ojú irin tó gba ilẹ̀ wa kọjá? Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Láti Ìbàdàn, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì fi máa di 1912, rélùwéè ti ń ti Èkó dé Kánò. Òyìnbó ló ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ló gé igbó, kì í ṣe òyìnbó ló ru òkúta, kì í ṣe òun ló fi èjìká gbé irin nínú oòrùn. Àwọn baba ńlá wa ló ṣe é. Nígbà tí rélùwéè wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n pín àga sí ọ̀nà mẹ́ta: fáàsì kíláàsì, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì àti tọ́ọ̀dù kíláàsì. Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ bọ́ sí fáàsì. Ẹni tó ru òkúta bọ́ sí tọ́ọ̀dù.

Àwọn òyìnbó ti lọ, àmọ́ ìwà náà kò bá wọn lọ. Rélùwéè tuntun tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ó dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ilé ìdúró Mobólájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta àti ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, ilé ńlá ni wọ́n. Àga wà, afẹ́fẹ́ tútù wà, ilé ìtura wà. Ọ̀nà mẹ́ta náà ni wọ́n tún pín àga sí. Ní 2021 yẹn, ₦6,000 ni fáàsì kíláàsì, ₦5,000 ni bísínẹ́ẹ̀sì, ₦2,500 ni ti gbogbo èrò.

Ẹ mú bírò, kí a jọ ṣírò. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí ń san owó àgbà: ènìyàn mẹ́fà. Bí wọ́n bá jókòó sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ, àlọ jẹ́ ₦15,000, àbọ̀ jẹ́ ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Èló ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní 2021? ₦30,000 gééré! Owó oṣù kan fún àlọ àti àbọ̀ lórí àga lásán, kí wọ́n tó san owó mọ́tò láti Olúpọ̀nnà dé Mọ́níyà, kí wọ́n tó ra búrẹ́dì fún ọmọ. Bí bàbá náà bá fẹ́ kí àwọn ọmọ òun jókòó sí fáàsì kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé wọn, ₦72,000 ni àlọ àti àbọ̀. Ní 2024, ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ẹ rí i pé gbogbo owó oṣù tuntun yẹn kò tó san owó fáàsì kíláàsì ti 2021.

Ẹni tó ní rélùwéè jẹ́ ti olówó, ṣé ó mọ ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀? Bílíọ̀nù 1.267 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ yá lọ́wọ́ Ṣáínà ní 2017 fún ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, láàárín 20 ọdún ni a ó sì san án tán. Inú àpò ìjọba ni owó náà yóò ti jáde. Ta ló sì ń fi owó sínú àpò ìjọba tí kò lè sá? Olówó lè fi owó orí pamọ́, ó lè gba lọ́yà. Ti òṣìṣẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀yin ń sanwó àga fáàsì kíláàsì lóṣooṣù. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò jókòó lórí rẹ̀.

N kò ní kí gbogbo wa lọ jókòó sí ibi aláwọ̀ rírọ̀ kí wọ́n máa bu ọtí fún wa. Ní Gúúsù Áfíríkà, rélùwéè kan wà tí wọ́n ń pè ní Blue Train, tó ń ti Pretoria lọ sí Cape Town, tó ní ibùsùn àti ilé ìwẹ̀ bí ti hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ẹni tó lágbára wọ̀ ọ́. Ohun tí èmi ń jà fún ni pé kí àga lásán, tó mọ́, tó ní ààbò, kí ó má jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbé ìlú ró. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2022, epo dísù tán nínú rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, ó sì dúró sínú igbó. Ẹni tó san ₦6,000 àti ẹni tó san ₦2,500, inú igbó kan náà ni wọ́n jọ wà. Ohun tó ń mú rélùwéè rìn ni epo, irin àti òṣìṣẹ́. Awọ orí àga kò ti ọkọ̀ rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè náà mọ èyí. Ní oṣù kọkànlá 2021, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ṣí ojú irin náà, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yanṣẹ́ lódì nítorí owó àti ìgbáyégbádùn wọn. Wọ́n ń gbé olówó kiri nínú afẹ́fẹ́ tútù, àwọn tìkára wọn ń làágùn. Baba wa Michael Imoudu, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Ní 1945, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú nígbà tí iṣẹ́ ìjọba dúró jákèjádò Nàìjíríà fún ohun tó ju oṣù kan lọ, nítorí owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà. Bí wọ́n bá ti gbà pé ohun tí wọ́n ń béèrè ju ẹnu wọn lọ, kí ni àwa ìbá máa pè ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí?

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí ìjọba ti fún wa ní rélùwéè ọ̀fẹ́ rí?" Òótọ́ ni. Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́sọlá, rélùwéè ọ̀fẹ́ máa ń ti Èkó wá sí Òṣogbo lásìkò Iléyá àti Kérésì, lórí ojú irin àtijọ́ tiwa yìí. Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó rí ọmọ-ọmọ wọn nítorí rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, ọwọ́ ẹni tó fúnni ló wà. Bí ó bá wù ú, a wọkọ̀. Bí kò bá wù ú, a jókòó sílé. Ẹ̀tọ́ kì í dúró de ọjọ́ ọdún.

Ẹ̀yin awakọ̀, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń kùn. Ẹ ní rélùwéè yóò gba èrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ará mi, rélùwéè kò lè dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà tàbí ní Òṣogbo yóò wá mọ́tò, yóò wá ọ̀kadà, tòun ti ẹrù àti ọmọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí epo bẹ́tiróòlù fò láti nǹkan bíi ₦190 sí ohun tó ju ₦480 lọ, ṣé rélùwéè ló lé èrò kúrò ní gáréèjì ni, àbí owó ọkọ̀ tí apá kò ká mọ́? Ẹ bi ara yín léèrè pẹ̀lú: ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹbí ẹlòmíràn kiri láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni ẹ̀yin gbé ẹbí tiyín lọ síbì kan láìdi sítíárìn mú?

Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe àlá. Ní ilẹ̀ Faransé ní 1936, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, wọ́n sì gba ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi lọ́dún pẹ̀lú owó. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba wọn ṣe tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀, wọ́n dín owó rẹ̀ kù ní ìdá 40 nínú 100. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí òkun rí títí di ọdún náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Òfin Iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù 12 gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó kíkún. Ìsinmi wà nínú òfin. Kí ni èèyàn yóò fi ṣe, bí kò bá ní owó ọkọ̀? Yóò jókòó sí ìta, yóò máa ka mọ́tò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa dúró lé lórí. Èkíní, kí nọ́ńbà keje wà nínú ìwé wa bí ó ti wà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìrẹsì pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ NLC pé kí wọ́n béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ rélùwéè, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní owó tó dín kù. Ẹ̀kẹta, kí a béèrè rélùwéè èrò lásán, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí ojú irin àtijọ́ láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, kì í ṣe lọ́jọ́ ọdún nìkan.

Ìpàdé mìíràn ń bọ̀. A ó tún na ọwọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí olúkúlùkù lọ sílé, kó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀, kó sì bi ara rẹ̀ bóyá ohun tó yẹ ọmọ ọ̀gá kò yẹ wọn. Lẹ́yìn náà kó wá na ọwọ́ rẹ̀ síbi tó bá tọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!

Aṣojú Òṣìṣẹ́, Olúpọ̀nnà