Aláǹtakùn fẹ́ kó lọ sílé ńlá: ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín o!

Ní Abúlé Òkúta, láàárín Bàrígà àti Ṣómólú, ta ni wọ́n máa sọ fún pé yàrá rẹ̀ máa fẹ̀ sí i tí kò ní dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́? Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, tó ń to garawa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ láràárọ̀, bó bá rí ilé tó fẹ̀, ṣe ló máa sáré palẹ̀ ẹrù mọ́. Àmọ́ ẹ̀dá kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún un nílé tó tóbi jù, ó lè tibẹ̀ kú, ẹni tó ń bá a kó ẹrù náà sì lè fọwọ́ ara ẹ̀ fa ìyà. Aláǹtakùn ni o, kì í ṣe èyí tó ń ta okùn sí kọ̀rọ̀ àjà, ńlá onírun táwọn òyìnbó ń pè ní tàràńtúlà ni.

Àwọn kan á ti máa ṣe háà, wọ́n á ní ta lorí ẹ̀ dàrú tó máa sin aláǹtakùn. Bẹ́ẹ̀, báwọn kan ṣe ń sin ajá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà làwọn míì ń sin ín. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ dáadáa lọ́jà wọn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá. Heteroscodra maculata làwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ Tógò làwọn oníṣòwò fi ń tà á. Orí igi ló ń gbé nínú igbó Tógò àti Gánà. Ara ẹ̀ rí bí eérú, àmì dúdú wà lára ẹ̀ káàkiri, bó bá sì na ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 12. Eré tó ń sá kọjá ohun tí ojú lè tẹ̀ lé.

Àwọn aláǹtakùn ńlá ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ní irun tó ń yúnni, tí wọ́n ń gbọ̀n lu ọ̀tá. Ti Áfíríkà ò ní irú ẹ̀, eyín ni ohun ìjà tiwọn, wọn ò sì í fi ṣeré. Lọ́dún 2016, David Julius àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Nature pé àwọn rí èròjà méjì nínú oró aláǹtakùn Tógò yìí tó ń ṣí ọ̀nà tí ìrora ń gbà rìn nínú ara. Julius yìí náà wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021. Àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé pé ó ti pa èèyàn ò sí, àmọ́ ìrora náà le, iṣan sì lè máa fà. Oògùn oró ejò ò sì ràn án.

Nítorí náà, kí olówó ẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé irú ilé wo ló yẹ ẹ́. Aláǹtakùn orí igi ń fẹ́ ilé tó ga, kí wọ́n gbé èèpo igi nàró sínú ẹ̀ kó lè sá pamọ́ sí i. Èyí tó ń gbélẹ̀, irú ti Kamẹrúùnù tó ń gbẹ́ ihò, iyẹ̀pẹ̀ jíjìn ló ń fẹ́. Kí fífẹ̀ ilé rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ẹsẹ̀ rẹ̀ nínà, àmọ́ láti orí iyẹ̀pẹ̀ dé ìdérí, kó má ga ju ìlọ́po kan àbọ̀ lọ. Ikùn rẹ̀ dà bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà: bó bá já bọ́ látòkè, ó bẹ́ nìyẹn. Ilé gíga tí olówó ẹ̀ rò pé òun fi ṣe é lóore ló pa á yẹn.

Bí wọ́n bá bá a tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tó gbẹ́sẹ̀ sókè, kí wọ́n má dà á nù, kò tíì kú. Awọ ló ń bọ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí eyín rẹ̀ yóò fi padà dúdú tí yóò sì le, kí wọ́n tó sọ pé àwọn ń kó o lọ síbì kankan.

Ọjọ́ ìkólé gan-an, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkúrú ẹpọ̀n. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ẹ̀, kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n lé àwọn ọmọdé síta. Kí wọ́n gbé ilé tuntun àti ti àtijọ́ sínú báàfù ńlá kan. Ife oníke tó mọ́ gaara ni kí wọ́n dà bò ó, kí wọ́n rọra ti páálí líle gba abẹ́ ẹ̀, kí wọ́n wá gbé e kọjá. Bó bá ń ṣagídí, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn kàn án lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ wọlé rárá.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ ilé alájọgbé. Oògùn ẹ̀fọn tí ará yàrá kejì ń fọ́n lálẹ́ lè pa aláǹtakùn, aláǹtakùn tó bọ́ sí kọ́rídọ̀ náà sì lè bá ọmọ aláàárù tó ń rá kiri. Onílé àti alábàágbé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Bó bá gé èèyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí wọ́n má fi abẹ gé e, kí wọ́n má so ó lókùn, kí wọ́n máa gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn. Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà ò jìnnà sí Abúlé Òkúta.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní irú sùúrù yìí, kó yáa lọ ra ajá.