Èéfín Òjé Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń da ọta òjé fúnra wọn ní Amẹ́ríkà léèrè ohun tí wọ́n ń sá fún nídìí ìkòkò, èéfín ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ. Tìtorí èéfín ni wọ́n ṣe gbé iná síta, tí wọ́n tan fáànù sí i, tí wọ́n fi aṣọ bo imú. Iṣẹ́ parí, wọ́n fi ọwọ́ yẹn kan náà já búrẹ́dì. Tó bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará wa tó ń gbé ọ̀hún ni, yóò mu mílíìkì alágolo kan lé e, bí àwọn wẹ́dà àti àwọn oníbátìrì ṣe ń mu ún nílé, ó sì ti gbà pé òjé ti wẹ̀ kúrò lára òun nìyẹn. Irọ́ ni apá méjèèjì. Irọ́ yìí ló sì ń kó òjé wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba èéfín sílẹ̀. Òjé ń yọ́ ní 327 °C. Ẹni tó ń da ọta fún revolver .38 Special tàbí .45 Colt kì í sábà jẹ́ kí ìkòkò rẹ̀ kọjá 400 °C. Ṣùgbọ́n kí òjé tó lè hó, ooru gbọ́dọ̀ tó 1,749 °C, kò sì sí ìkòkò ẹ̀yìnkùlé tó sún mọ́ ibẹ̀. Oru òjé tó ń dìde lójú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Kí wá ni èéfín tó ń ta wá lójú? Ìda ni, tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó, tí wọ́n ń jù sínú òjé yíyọ́ kí ìdọ̀tí lè léfòó. Girísì tó wà lára àwọn òjé kéékèèké tí fọ́kánáísà ń kàn mọ́ rímù mọ́tò náà ń jó níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí òjé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fà á símú o. Òjé ni mo ní kò sí nínú rẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Ojú òjé gan-an ni kí ẹ wò. Bí òjé yíyọ́ bá ti kan afẹ́fẹ́, ìdàrọ́ eléèérú á bò ó. Wọ́n á fi ṣíbí họ ọ́ sínú agolo, á sì gbẹ, á kúnná bí àtíkè. Eléyìí ni májèlé. Fáànù tí wọ́n tan kọjú sí ìkòkò nítorí èéfín, òun gan-an ló ń fẹ́ ìdàrọ́ náà káàkiri. Aṣọ tí wọ́n fi bo imú kò sì lè dá eruku tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ dúró. Ó ń bọ́ sábẹ́ èékánná, ó ń wọ inú irùngbọ̀n, ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà títí dórí kápẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ń rá lé. Nínú òjé tí àgbàlagbà bá gbé mì, ara rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ti ọmọ kékeré lè tó ìdajì.

Ó tún ku ibi tí kò síná rárá. Ní ìdí ọta ni primer wà, ohun bíńtín tí òòlù ìbọn ń gbá kí iná tó ràn mọ́ ẹ̀tù, òjé sì wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Bí ìbọn bá ti dún, èérí òjé á kù sínú ìkarahun idẹ. Ẹni tó fẹ́ tún ìkarahun náà rọ á dà á sínú ẹ̀rọ tó ń yí gbirigbiri pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo lílọ̀, kó lè dán. Ó ṣí ìdérí, eruku sọ. Kò rí èéfín kankan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì tún ń fi ọwọ́ kó wọn jáde.

Ẹni tí kò bá tíì gbà, kó lọ wo Zamfara. Ní 2010, òkúta góòlù tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn ará abúlé ń lọ̀ láàárín agbo ilé wọn. Ó lé ní irínwó ọmọ tó kú. Eruku òkúta ló pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Amẹ́ríkà: ní Boston, ní 2011, wọ́n bá òjé màíkírógíráàmù 13 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí wọ́n gbé wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé ló ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ta ló dáná níbẹ̀?

Wọ́n á ní, Ogijo ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò? Òótọ́ ni. Iná ilé ìyọ́rin gbóná ju ti ìkòkò ọta lọ fíìfíì, èéfín rẹ̀ sì ń gbé eruku òjé dé orí òrùlé àwọn ará àdúgbò. Ibẹ̀, èéfín jẹ̀bi, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Òjé bátìrì yìí náà ni kò yẹ kí ẹni tó ń da ọta fi sínú ìkòkò láéláé: bí omi bá kan ìdàrọ́ rẹ̀, ó lè tú gáàsì arsine jáde, èyí tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tó sì lè pa ènìyàn. Ẹ wá wò ó: àwọn kan nínú àwọn tó ń sá fún èéfín ìda ni bátìrì ògbólógbòó wà ní gárééjì wọn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí òjé bá wọ́n.

Ó ku mílíìkì. Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni kò jẹ́ kó kú. Kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì a máa bá òjé du ọ̀nà nínú ìfun, ẹni tó sì ti jẹun yó kì í gba òjé tó ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mílíìkì. Eegun á kà á sí kálísíọ́ọ̀mù, á gbà á sílé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ní Zamfara, oògùn tó ń di òjé mú kó lè bá ìtọ̀ jáde ni wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọ náà, lábẹ́ ojú dókítà. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ wo ló ṣí agolo mílíìkì ọ̀hún?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè parí àríyànjiyàn yìí, kò sì ju kí a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá lọ. Láti 2021, màíkírógíráàmù 3.5 nínú désílítà ni CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí a ti fojú sí ọmọ kékeré. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá wà nínú ilé tí ẹ ti ń da ọta, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ ṣe é, kí ẹ tó ṣe tiyín. Kí ẹ tó gbé e mọ́ra, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn síta, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá.