Kí Ìdánrawò Ọmọ Má Baà Di Asán Lọ́jọ́ Ìdíje

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ sọ lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ á máa gbá tẹ́níìsì orí tábìlì lójoojúmọ́, kò ní sí ẹni tí ó lè borí rẹ̀ ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọkọ̀ láti Ọbọ Ayégúnlẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn díje ní Ọ̀sì, ní Ìlọfà tàbí ní Ìlọrin, wọn kò ní jẹ́ kí ó mí. Yóò fa ojú ro padà wálé. Bàbá á ní, "Ṣé o rí i? Owó ọkọ̀ ti ṣòfò. Gbé bátì yẹn sọnù, kí o gbájú mọ́ ìwé rẹ." Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, wọn á tún fi kún un pé eré ọkùnrin ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé bátì ọmọ sọnù. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ eré. Bí ó ṣe ń dánra wò ni kò bá ohun tí yóò pàdé lọ́jọ́ ìdíje mu. Ẹni tí ó ń bá ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo gbá a lójoojúmọ́, ọwọ́ ọ̀rẹ́ náà nìkan ni ó mọ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá pàdé ọlọ́wọ́ òsì, tàbí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yí bí òkòtó, ojú rẹ̀ á dàrú.

Kí ni kí a wá ṣe?

Èkíní, kí ìdánrawò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan pàtó tí a fẹ́ fi kọ́. Lónìí, ọwọ́ ẹ̀yìn, lọ́la, sáàfù. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ láàárín Àlàásárì àti Màgàríbì sàn ju kí a fi gbogbo ọjọ́ Sátidé gbá a títí ara yóò fi bó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Èkejì, ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú sáàfù. Òun nìkan ni bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá kò lè dí wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kò sì béèrè ẹnìkejì kí a tó kọ́ ọ. Ẹ fi bébà kékeré lé igun tábìlì lódìkejì, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù 20 sí i, kí ẹ ka iye tí ó bà á. Ṣùgbọ́n kí ó bá òfin mu: àtẹ́lẹwọ́ ní láti ṣí sílẹ̀, kí bọ́ọ̀lù sì gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 16, ó kéré tán, kí a tó gbá a. Láti ọdún 2001, ayò 11 ni abala kan, kì í ṣe 21 mọ́. Sáàfù méjì méjì sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbá. Ẹni tí ó bá fi sáàfù méjì ṣòfò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ẹnìkejì ní ìdá márùn-ún abala náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ ti ibi tí ó rọrùn lọ sí ibi tí ó le. Kí ẹnìkejì kọ́kọ́ máa gbá bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún, sí òsì, lẹ́sẹẹsẹ, títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí ó máa gbá a síbi tí ó bá wù ú, láìsọ fún ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ni kí ó sáré bá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe pé kí ó kàn na ọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú ìnira ọjọ́ ìdíje wá sílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ abala láti ọ̀mì 9 sí 9. Nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ní ayò 7 nígbà tí ẹnìkejì ti ní 10, kí ó wá ọ̀nà àtiyọ. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dúró tì wọ́n, kí wọ́n máa pariwo. Ẹni tí ó bá pàdánù ni yóò ṣa bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti mọ́ irú èyí kò ní gbọ̀n nígbà tí èrò bá pé lé e lórí.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó ní ìwé kékeré kan. Lẹ́yìn eré, kí ó kọ ọ̀nà tí ayò gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí ó bá pọ̀ jù ni iṣẹ́ ọ̀la.

Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ ìlú kékeré kò lè dé ibìkan. Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Quadri Aruna sí ní ọdún 1988. Ní Rio ní ọdún 2016, ó borí Timo Boll ará Jámánì, ó sì di ọkùnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó wọ àárín àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú eré yìí ní Òlíḿpíìkì. Ma Long ará Ṣáínà, tí ó gba wúrà níbẹ̀, ni ó dá a dúró. Ní ti àwọn tí ń sọ pé eré ọkùnrin ni, Olufunke Oshonaike lọ sí Òlíḿpíìkì ní ìgbà méje, láti Atlanta ní 1996 títí dé Tokyo ní 2021.

Ẹ̀yin ìyá, bí tábìlì kò bá sí, káfíńtà àdúgbò lè kan án: ẹsẹ̀ bàtà 9 ní gígùn, 5 ní ìbú, 2 àti ààbọ̀ ní gíga, kí àwọ̀n àárín rẹ̀ ga ní íǹṣì 6. Bí ẹ bá ń rán aṣọ ìdíje, ẹ má ṣe fi funfun ṣe é bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ funfun, nítorí òfin kò gbà á. Nígbà tí ọmọ bá sì pàdánù, ẹ má ṣe béèrè pé, "Èé ṣe tí wọ́n fi nà ọ́?" Ẹ bi í pé, "Kí ni a ó kọ́ lọ́la?"