Ibo Ni Ká Da Ilẹ̀ Sí?

Ẹni tó ti gbọ́njú nígbà ìjọba Buhari àti Idiagbon (1984 sí 1985) kò lè gbàgbé sànìtéṣọ̀n. Láàárọ̀ Sátidé, kí oníkálukú jókòó sílé, kó mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Mọ́tò ò gbọdọ̀ rìn. Wolé-wolé ń bọ̀, sójà ń bọ̀!

A sì gbálẹ̀ lóòótọ́. A ha ẹrẹ̀ inú gọ́tà, a kó o jọ pelemọ sí ẹ̀bá gọ́tà náà. Ta ni yóò wá kó o lọ? Ọkọ̀ káńsù ò dé. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, ẹrẹ̀ padà sílé rẹ̀. Nígbà tó tún yí ká, ẹrẹ̀ ọjọ́sí náà la tún ń ha.

Kì í ṣe pé mo fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré o. Ará Ìbàdàn wo ni yóò fi ṣeré? Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gbé èèyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún dé, ó pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Láàárín omíyalé méjèèjì, Sátidé mélòó la fi gbálẹ̀?

Àwọn ọ̀gá a máa ní ọ̀bùn ni wá. Kí wọ́n wá sí ẹ̀yìn Bẹẹrẹ wàyí, níbi tí ilé ti fara kọ́ ilé, tí ọmọlanke gan-an ò lè kọjá. Ìyá arúgbó gbé agbọ̀n ilẹ̀ lérí. Odò ló sún mọ́ ọn jù, odò ò sì gbowó. Ẹ lè mú un lọ sí kóòtù, ẹ lè bu owó ìtanràn fún un. Ibo ni yóò da ti ọ̀la sí?

Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà ní Curitiba, ní Brazil, tí ọkọ̀ ìkólẹ̀ ò lè wọ̀. Jaime Lerner, olórí ìlú náà, ò rán sójà sí wọn. Láti 1989, ìjọba rẹ̀ ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn: gbé àpò rẹ wá síbi tí ọkọ̀ dúró sí, kó o gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ní 1991, ó di oúnjẹ: kílò mẹ́rin bébà, ìgò àti agolo, kílò kan ẹ̀fọ́ tàbí èso. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá ìlú ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ náà, irè tí ọjà ò gbà tán. Ilẹ̀ kúrò, ọmọ tálákà jẹun, àgbẹ̀ rówó.

Wọ́n á ní owó dà? Owó tí wọ́n fi ń bọ́ wolé-wolé àti kóòtù alágbèéká ńkọ́? Ọjà tí aláràjẹ ò lè pa láàárọ̀ Sátidé ńkọ́? Èkó pàápàá fagi lé ìsémọ́lé náà ní oṣù kọkànlá 2016.

Mi ò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí káńsù gbé ọkọ̀ kan, òṣùwọ̀n kan àti àpò gàrí mélòó kan sí Ọjà'ba fún oṣù mẹ́ta péré, kí òjò tó dé. Ká wá wo ohun tí Ògùnpa yóò gbé kọjá.